Ọwọ́ Tó Ń Fa Òwú

Ní ilé wa ní Ìsẹ́yìn, kí ọmọ tó mọ ìwé kà ni yóò ti mọ bí wọ́n ṣe ń ju ọkọ̀ òfì, igi kékeré tó ń gbé òwú kọjá láàárín aṣọ. Iwájú ilé ni wọ́n ti ń hun aṣọ, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń ká òwú, ariwo òfì ló sì ń jí wa láàárọ̀. Èmi nìkan ni wọ́n ní kí n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá mi kì í ṣe ìkà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń sọ tí mo bá ti sún mọ́ òfì: "Ọwọ́ rẹ ń fa òwú."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí wọ́n ṣe bí mi ni awọ ara mi ti gbẹ, tó le, tó ń ṣí kúrò bí ìpẹ́ ẹja. Tí ọyẹ́ bá dé, àtẹ́lẹwọ́ mi á là, ìka mi á sì máa kọ́ òwú dídán títí ojú aṣọ á fi rí wúruwùru. Nílé ìwé, Alángbá ni wọ́n ń pè mí. Mo na méjì nínú wọn. Ìyẹn kò mú kí awọ mi rọ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi, n kò sì tíì tọrọ àforíjì títí di òní.

Ìyá mi ló ń fi òrí pa mí lára. Láti ìgbà tí mo wà ní ìkókó ni wọ́n ti ń ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, wọn ò sì tíì dáwọ́ dúró nígbà tí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ara rẹ̀ ń là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kì í dàgbà kọjá ọwọ́ ìyá rẹ̀.

Lórí rédíò ni mo ti gbọ́ pé àwọn dókítà awọ ara ń wá sí ilé ìwòsàn kan ní Ṣakí lóṣooṣù, pé wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí irorẹ́ àti lórí àwọn àrùn awọ tí kò wọ́pọ̀. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo lọ. Bẹ́ǹṣì méjì ló wà níbẹ̀. Ti àwọn onírorẹ́ kún fọ́fọ́, àwọn ọmọ ilé ìwé àti ìyàwó ojú ọ̀nà tó ń fi ìborùn bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwa mẹ́ta péré la wà lórí tiwa. Ọmọbìnrin kan tó jókòó sí etí bẹ́ǹṣì àwọn onírorẹ́, níbi tó kángun sí tiwa, wo ọwọ́ mi, ó sún kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo sún tẹ̀ lé e. Nígbà tí kò ríbi sún sí mọ́, ó dìde.

Dókítà tó yẹ̀ mí wò kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ọmọ Ìgbòho sì ni. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní àrùn náà kì í ràn, kì í ṣe èpè, inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ló ti ń wá. Ó wá gbé rọ́bà ìpara méjì jáde. Èyí tó ní ìlà pupa, kí n máa fi pa ọwọ́ ọ̀tún. Èyí tó ní ìlà búlúù, ti ọwọ́ òsì ni. Oògùn wà nínú ọ̀kan, ìpara lásán ni ìkejì, òun pàápàá kò sì mọ èyí tó jẹ́ oògùn títí ìwádìí yóò fi parí. Bí ọwọ́ kan bá rọ̀ ju ìkejì lọ, a jẹ́ pé oògùn náà ṣiṣẹ́. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pò wọ́n pọ̀ o." Mo ní mo ti gbọ́. Mo tọwọ́ bọ̀wé wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún ìyá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo aṣiwèrè.

"Ta ló ń ya ọwọ́ méjì nípá? Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, òun lọwọ́ fi ń mọ́. Ṣé kí ọ̀kan máa jẹun kí ìkejì máa wò ó lẹ́nu ni?"

Wọ́n fún méjèèjì sínú igbá òrí, wọ́n rò ó pọ̀ bí ẹni ń ro àmàlà, wọ́n sì fi pa mí láti ìka dé ìgúnpá. Mo mọ̀ pé kò dáa. Mo dákẹ́. Mo tún dákẹ́ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọwọ́ mi ti ń rọ̀, ìdí tí mo fi dákẹ́ sì ti wá dáa jù.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí bàbá mi lọ kírun, mo jókòó sídìí òfì wọn. Mo ju ọkọ̀. Òwú náà gba abẹ́ ìka mi kọjá, kò kọ́, kò já. Mo jù ú padà. Mo sunkún níbẹ̀, n kò sì nu ojú nítorí n kò fẹ́ kí omi ta sórí aṣọ.

Ní oṣù kejì, ìyá mi bá mi lọ sí Ṣakí. Dókítà tẹ́ àwọn fọ́tò ọwọ́ mi sórí tábìlì, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì.

"Ọwọ́ méjèèjì rọ̀ bákan náà," ó ní. "Tó bá rí báyìí lára àwọn yòókù, á jẹ́ pé oògùn yìí kò sàn ju ìpara lásán lọ. A ó pa á tì nìyẹn."

Ìyá mi já mi léèékánná nítan. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ: pa ẹnu rẹ mọ́, gba rọ́bà tuntun, jẹ́ ká máa lọ sílé. Ọwọ́ tí mo fi lè hun aṣọ ló wà nínú rọ́bà yẹn. Ṣùgbọ́n obìnrin kan láti Ìwéré-Ilé jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa lọ́jọ́ náà, ó pọn ọmọ ọwọ́, ó sì fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀. Mo ti rí ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ẹsẹ̀ mi ni, ìpẹ́ ìpẹ́.

"A pò wọ́n pọ̀ ni," mo ní. "Láti ọjọ́ kìíní."

"Ó parí!" ni ìyá mi wí, wọ́n káwọ́ lérí.

Dókítà gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní òun kò lè ka ọwọ́ mi mọ́ ìwádìí mọ́, òun sì gbọ́dọ̀ gba rọ́bà méjèèjì padà. Kò pariwo. Èmi ni mo pariwo.

"Mo jẹ̀bi, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, ọmọ ahunṣọ lẹ gbé oògùn fún, ẹ wá ní kí ọ̀tún má fara kan òsì! Ọ̀tún la fi ń ju ọkọ̀, òsì la fi ń gbà á. Ìgbà márùn-ún ni mò ń ṣe àlùwàlá lójúmọ́, ọwọ́ ni mo sì fi ń wẹ ọwọ́. Ká tiẹ̀ ní ìyá mi ò pò ó, kó tó di ọ̀sán wọ́n ti dàpọ̀. Ta ló bi wá bí a ṣe ń lo ọwọ́ wa?"

Dókítà tún mú bírò rẹ̀. "Kí la bá ti ṣe, àǹtí?"

"Ojúgun. Ojúgun kan kì í wẹ ìkejì. Ẹ sì pe àwọn ìyá tó ń bá wa pa ìpara, àwọn ni kẹ́ ẹ ṣàlàyé fún, ní Yorùbá."

Nígbà tí oṣù mìíràn yí po, ojúgun ló wà nínú ìwé wọn. Obìnrin Ìwéré-Ilé gba rọ́bà méjì fún ọmọ rẹ̀. Èmi kò gba nǹkan kan. Wọ́n ní ẹni tó ti lò ó kò lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Dókítà bẹ̀ mí kí n máa wá bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ lóṣooṣù, mo sì ń lọ. Inú ṣì ń bí mi. Mo sọ òótọ́, mo sì fi ọwọ́ mi san án, ẹni tó bá ní òótọ́ dùn, kó wá wo àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ọyẹ́ dé, ọwọ́ mi padà sí bó ṣe wà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi jáde síta, wọ́n bá mi nídìí òfì, òwú dídán wà níwájú mi, ó ti rí wúruwùru níbi méjì.

"Dìde níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ ń fa òwú."

"Mo mọ̀, Bàbá," mo ní. "Ẹ jẹ́ kí òwú náà kọ́ bí ọwọ́ mi ṣe rí."

Òwú kan já. Mo so ó, mo ju ọkọ̀, n kò sì dìde.