Okùn Káàdì Yunifásítì

Nínú gbogbo ọ̀ṣọ́ tí ọmọ aráyé fi ń ṣe ọrùn lóge, iyùn ni o, wúrà ni o, kò sí èyí tó tó káàdì òṣìṣẹ́ yunifásítì tí a fi okùn gbé kọ́. Ẹni tó ni ín kì í bọ́ ọ nínú ọkọ̀ èrò trotro, kì í bọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ. Mo mọ ọ̀kan tó gbé e kọ́rùn lọ ra ẹja. Mo ti fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń ro mí.

Ìsọ̀ ìyá mi ní ọjà Madina ni mo ti ń wò wọ́n. Òórùn ọṣẹ dúdú ló kún ibẹ̀, ọṣẹ tí àwọn ará Ghana fi orúkọ àwa Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Alata, pè. Ọṣẹ yẹn ló rán mi lọ sílé ìwé títí mo fi gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ àbùdá, ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí. Lẹ́yìn náà, yunifásítì ń gbà mí síṣẹ́ ní sáà kan, wọ́n ń fi mí sílẹ̀ ní sáà kejì, láìsí káàdì. Orúnkún ìyá mi ti ń dùn ún. Ó ti sọ fún gbogbo ìlà ìsọ̀ wọn pé lọ́jọ́ tí mo bá gba káàdì ni òun yóò sinmi ọṣẹ rírù.

Nígbà tí ìkéde jáde pé wọ́n ń wá olùkọ́ tó mọ ìmọ̀ àbùdá pọ̀ mọ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá inú kọ̀ǹpútà, gbogbo wa di ọ̀gá kọ̀ǹpútà mọ́jú. Ẹni tó ti ń wo ìwo ewúrẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ní kọ̀ǹpútà ló ń bá òun wò ó. Èmi tí mi ò mọ̀ ju ewé ẹ̀gẹ́ lọ, mo bu ọgbọ́n àtọwọ́dá sí àkọlé iṣẹ́ mi bí ẹni bu iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ní ẹnubodè yunifásítì, wọ́n fún oníkálukú wa ní káàdì tirẹ̀. Àmì yunifásítì gbòòrò níwájú. Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ “Àlejò” sí. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú kóòtù nínú ooru. Obìnrin kan tó jókòó tì mí, ọmọ Yorùbá àdúgbò Sabon Zongo tóun náà ń wáṣẹ́ yìí, gbọ́ nígbà tí wọ́n ka orúkọ mi, ó sì fi Yorùbá bi mí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀melòó yín rèé?”

Mo ní ẹ̀ẹ̀kejì.

“Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Kóòtù mi yìí, bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè wọn, á dáhùn.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo wọlé, mo sọ̀rọ̀ dáadáa. Nígbà tí mo bèèrè ìgbà tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀, àgbàlagbà tó ṣe alága bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní ìjọba ò tíì fọwọ́ sí owó oṣù náà, àmọ́ bí àwọn ò bá pe èèyàn wá lọ́dọọdún, wọn á gba àyè náà lọ́wọ́ ẹ̀ka àwọn. Àyè ni wọ́n ń fi wá ṣọ́. Káàdì tirẹ̀ sinmi jẹ́jẹ́ lórí táì.

Ẹ̀ṣọ́ tó yẹ kó gba káàdì padà ò sí ní ẹnubodè nígbà tí mo jáde, mo sì gbé e dé ìsọ̀ ìyá mi. Ìyá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ àmì yẹn. Ó fi ìka tó dúdú fún ọṣẹ gbá káàdì náà mú.

“Ẹ wá wo Dókítà mi,” ló wí fún àwọn alájọtà rẹ̀.

Ilé ni mo ti sọ òótọ́ fún un. Ó ní kí n bá òun di ọṣẹ ọ̀la.

Wọ́n ti tún kéde iṣẹ́ náà. Kóòtù mi ṣì wà. Àwọn tó ń gbé káàdì kọ́rùn nínú ọkọ̀, mi ò fi wọ́n rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí nínú trotro tó gbé mi lọ sí Madina lọ́jọ́ yẹn, afẹ́fẹ́ yí káàdì àyà mi padà, “Àlejò” sì hàn. Mo yára yí i síwájú.

Èmi náà gbé e kọ́rùn.