Èèkàn Aláṣọ Pupa ní Abà Akínpẹ̀lú

Ìró igbá ni ohun àkọ́kọ́ tí Ògúnṣọlá rántí láyé. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ láti orí odò Ayínrin, àwọn igbá ńlá tí bàbá rẹ̀ fi ń léfòó lórí omi á máa kan ara wọn lára ògiri: pó, pó, pó. Ọmọ ọwọ́ yóò dákẹ́ ẹkún, á máa gbọ́.

Ó dàgbà, ó di apẹja ní Abà Akínpẹ̀lú, tí kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó sì jogún iṣẹ́ kan mọ́ ọn: òun ló ń so màrìwò ọ̀pẹ sétí odò nígbà tí ẹja bá ń yé. Títí yóò fi tú u, kò sẹ́ni tí í ju àwọ̀n.

Lọ́dún 1956, àwọn àjèjì bẹ̀rẹ̀ sí í da ewé olóró sódò lápá òkè. Ẹja ń kú, wọ́n ń léfòó, ikùn wọn funfun. Màrìwò kò ba àjèjì lẹ́rù. Ni Ògúnṣọlá bá lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Ọ̀yọ́, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ọjọ́ fi rọ̀. Akọ̀wé kan gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

"Ẹ máa lọlé, bàbá. Ìjọba ti gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò ní ba omi yín jẹ́ mọ́."

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọ́n gbá èèkàn mọ́lẹ̀ yí abà ká, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ.

"Màrìwò ìjọba nìyẹn," Ògúnṣọlá sọ fún gbogbo abà. Inú rẹ̀ dùn.

Àyìnkẹ́, ìyàwó rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. "Màrìwò tiyín, etí omi ló ń wà. Èyí ṣe wá wà lẹ́yìn ilé ìdáná mi?"

"Agbára ìjọba ju tèmi lọ. Ààlà tiwọn náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ó mà fẹ̀ o. Gbogbo adìyẹ mi ló ti di ẹja."

Ògúnṣọlá kéde pé ẹni tó bá fọwọ́ kan èèkàn yóò kúrò lábà. Bí ewúrẹ́ bá fara gbún ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ á tún un gbá wọlẹ̀, jinlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìròyìn aṣọ pupa dé etí àwọn aṣebi, wọn ò wá mọ́. Ẹja pọ̀ lọ́dún náà débi pé ààrò kò gbà á. Àyìnkẹ́ nìkan ni kò gbin ilá sẹ́yìn ilé, níbi tí èèkàn wà.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn ti ń lọ sópin, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà, Josiah, padà wá. Ó rìn yí èèkàn ká, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o! Gbogbo wọn ló pé. Lábà kejì, ńṣe ni wọ́n fi tiwa dáná."

"Ṣé wèrè ni wọ́n? Ta ní í fa ohun tó ń dáàbò bo odò rẹ̀ tu?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Josiah. "Wọn ò sọ fún yín? Wọ́n fẹ́ sé odò yìí, kí ará ìlú lè rí omi ẹ̀rọ mu. Ibi tí èèkàn wà ni omi máa dé."

Ògúnṣọlá wẹ̀yìn. Láàárín èèkàn àti odò ni gbogbo ilé abà wà, àti sàréè bàbá rẹ̀.

"Níbo la máa lọ?"

"Wọ́n ní ilẹ̀ wà lápá Ìrẹsà."

"Odò wà níbẹ̀?"

"Ilẹ̀ oko ni, bàbá."

"A óò máa padà wá pẹja níbí nígbà náà."

Josiah mirí. "Omi mímu ni. Wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹsẹ̀ kàn án. Wọ́n ní ẹ̀yin náà lẹ ṣáà lọ bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnikẹ́ni má bà á jẹ́."

Nírọ̀lẹ́, àwọn ọkùnrin abà gbé ọkọ́ dé. Àlàmú, apẹja bíi tirẹ̀, ló ṣíwájú wọn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pàṣẹ, ká fà wọ́n tu!"

Ògúnṣọlá di èèkàn kan mú, ó fà á. Kò mì. "Ẹ fà wọ́n bẹ́ ẹ bá fẹ́," ló wí. "Ìjọba ti mọ ibi tí wọ́n wà." Wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó kí i pé ó dàárọ̀.

Lọ́jọ́ kejì Àyìnkẹ́ di ẹrù, ó kọrí sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé. "Bẹ́ ẹ bá ṣọ́ màrìwò ìjọba yín tán, ẹ máa bọ̀."

Òjò ń ṣú. Òrùlé ilé ìdáná ti ń jò láti èṣí. Ògúnṣọlá di koríko bẹẹrẹ ní ìtí ìtí. Àyìnkẹ́ ló yẹ kó máa nà án sí i láti ìsàlẹ̀; òun nìkan ló ń sọ̀ kalẹ̀, tó ń gun òkè. Ó so ìtí tó kẹ́yìn, ó gé okùn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀, ó sì gbá koríko tó já sílẹ̀ jọ.