Bí Mo Ṣe Lọ Ya Mànàmáná ní Ayétòrò

Àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí mo jáde nílé ní Àkúrẹ́. Fọ́tò mànàmáná ni mò ń lọ yà ní Ayétòrò, ìlú etí òkun. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí bóyá mànàmáná kì í kọ ní Àkúrẹ́, kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ìyàwó mi ti bi mí. Àwa onífọ́tò tí à ń ya ìyàwó níbi ìgbéyàwó ní gbogbo Sátidé, ó yẹ ká ya ohun tí kò ní sọ pé òun sanra jù nínú fọ́tò.

Ní èbúté Igbókòdá ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Owó rẹ̀ ju ti ilẹ̀ lọ, bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún mi ní agolo kí n máa fi gbọ́n omi inú ọkọ̀. Lọ́dọ̀ wa, èrò a máa sanwó, a sì máa sùn. Mo bi awakọ̀ bóyá òjò máa rọ̀ lálẹ́. Ó ní èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tí òun gbé tó ń tọrọ rẹ̀.

Ìyá Bọ́sẹ̀, opó tó ń yan ẹja tà, ló gbà mí lálejò. Ó fún mi ní púpurù, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi, tí wọ́n sì fi èéfín yan, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja. Ilé pákó rẹ̀ ló kángun sí òkun báyìí. Àwọn ilé tó wà níwájú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, omi ti kó wọn lọ. Olóògbé ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé náà, ìyá náà kò sì ní fọ́tò ilé ọ̀hún kankan. Ó bẹ̀ mí kí n yà á kí omi tó dé. Mo ní ó di àárọ̀. Èmi oníṣẹ́ ńlá, tí ojú ọ̀run ń dúró dè.

Nígbà tí òjò ṣú, mo gbé kámẹ́rà kalẹ̀ sórí afárá pákó lẹ́yìn ilé. Ilé náà dí ìdajì òkun mọ́ mi lójú, mo sì ń bú u nínú mi. Bí mànàmáná ṣe bẹ̀rẹ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀ fi aṣọ bo dígí pálọ̀, ó bo tẹlifíṣọ̀n, ó jáde wá, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi bo kámẹ́rà mi. Ìyá tèmi náà kì í jẹ́ kí dígí wojú mànàmáná, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo tìtorí rẹ̀ gbọ́n omi ni ó ń bò.

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, "Tó bá jẹ́ ilé mi lo máa kọjú ẹ̀ sí, mo máa ṣí i. Nítorí ilé mi nìkan."

Mo fìbínú kọjú kámẹ́rà sílé, ó sì ká gèlè rẹ̀ kúrò. Mànàmáná kọ lẹ́yìn ilé náà gbàràgàdà, mo sì yà á. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, kí òjò àti ìgbì òkun tó lé wa lọ sílé àbúrò rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, òpó iwájú ilé náà ti wọ omi. Àwọn ará àdúgbò ń tú pákó tó kù kí òkun má baà kó o. Ìyá Bọ́sẹ̀ dúró, ó ń wò wọ́n. Inú mi bàjẹ́ gan-an.

Ní Àkúrẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yin mànàmáná náà. Wọ́n ní ilé yẹn ló bà á jẹ́, kí n gé e kúrò. Mo tẹ fọ́tò náà, mo fi rán awakọ̀ ojú omi yẹn sí Ìyá Bọ́sẹ̀. Ó pè mí.

"O ṣé, ọmọ mi. Ilé náà hàn dáadáa, mo rí ìṣó tí Bàbá Bọ́sẹ̀ kàn wọ́. Ṣùgbọ́n a kì í gbé mànàmáná kọ́ sára ògiri. Bá mi yọ ọ́."

Ẹ̀kọ́ tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń pa mànàmáná rẹ́. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó ti kọ̀ǹpútà, mò ń nù ún kúrò díẹ̀díẹ̀, mi ò sì jẹ́ kí ọwọ́ mi kan ilé náà.