Màmá mi pa fọ́tò rẹ́ lórí fóònù, kọ̀ǹpútà mi náà bá wọn pa á rẹ́

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ màmá mi o!

Mo so fóònù wọn pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ibo Road. Fọ́tò tó bá ti wà lórí fóònù wọn nílé, á gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé sọ́dọ̀ mi. Mo ní kò lè sọnù mọ́ láéláé.

Láàárọ̀ yìí, mo ṣí kọ̀ǹpútà. Òfìfo! Kódà fọ́tò bàbá mi olóògbé nínú aṣọ iṣẹ́ rélùwéè ò sí níbẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀, òjò ti ba ti orí bébà jẹ́ tipẹ́.

Mo pè wọ́n.

"Màmá, àwọn fọ́tò dà?"

"Mo ti pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Fóònù ní òun ti kún, mo sì fẹ́ ya fídíò másà ìrẹsì tí mo ń dín. Ṣebí tìẹ wà lọ́dọ̀ ẹ?"

"Háà! Ohun tẹ́ ẹ bá pa rẹ́ lọ́dọ̀ yín, ó ń parẹ́ lọ́dọ̀ mi náà ni!"

"Haba! Kọ̀ǹpútà tìẹ ò lè dá ronú ni?"

Mo sáré wo ibi tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń kó ohun tá a pa rẹ́ sí fúngbà díẹ̀. Bàbá mi nìyẹn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín! Díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀. Mo dá gbogbo ẹ̀ padà, mo sì kó ẹ̀dà wọn sórí fláàṣì tí kò so mọ́ nǹkan kan.

Mo pe màmá padà pé bàbá ti wà lórí fóònù wọn. Wọ́n ṣí i, wọ́n wò ó.

"Tú u kúrò lára kọ̀ǹpútà ẹ. Ọkọ tèmi ni, kì í ṣe ọkọ kọ̀ǹpútà."

Ẹ̀yin ará, ta ló jẹ̀bi nínú àwa méjèèjì?