Àǹjọ̀nú Inú Síńmá Ìsàlẹ̀ Mápó

Bí èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi bá ti wọlé, ọ̀sán ọjọ́ síńmá ìsàlẹ̀ Mápó ni mo máa ń rántí. Wọ́n fi aṣọ dúdú dí fèrèsé gbọ̀ngàn, ooru mú, èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé síńmá náà ń wọlé, ẹ̀pà sísun ń ta sánsán. Orí ẹsẹ̀ Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ni mo jókòó sí. Iná ogun Bọ́mà ti jó ìdajì ojú rẹ̀.

Fíìmù olówó pọ́ọ́kú ni. Ènìyàn tó wọ aṣọ rọ́bà ni àǹjọ̀nú inú rẹ̀. Mo rí síìpù lẹ́yìn rẹ̀. Ó jáde látinú kòtò ogun, àwọn sójà yìnbọn fún un. Ó nawọ́, ó sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ògbufọ̀ wa, tó ń túmọ̀ fíìmù sí Yorùbá fún èrò, gbé gbohùngbohùn sẹ́nu: "Ó ní ọmọdé lòun fẹ́ jẹ! Ẹ wo ẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jókòó yẹn!" Ó tan tọ́ọ̀ṣì sójú Bàbá Kékeré.

Ẹ̀rín bú. "Àǹjọ̀nú, má jọmọ o!" Èèpo ọsàn bà á níwájú orí. Ìyá kan tó máa ń kí i lójoojúmọ́ fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ má sọ fún mi pé eré ni.

Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni mo tó tún fíìmù náà wò. Ohun tí àǹjọ̀nú sọ ni pé, "Ọmọ ogun yín ni mí, ẹ jẹ́ n relé." Bàbá Kékeré, tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì láàrin àwọn sójà, ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà.

Nínú ẹ̀rín yẹn, ó dìde, ó dì mí lọ́wọ́ mú. "Jẹ́ ká relé."

Ògbufọ̀ tún gbé gbohùngbohùn sẹ́nu: "Ẹ ò rí i? Ó ti rí èyí tó máa jẹ!"