Àmì Ṣọ́ọ̀kì Àǹtí Télọ̀

Bí ẹ bá rí Àǹtí Télọ̀ nídìí máṣíìnì rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ ó sọ pé obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kéré débi pé tí oníbàárà méjì bá wọlé, ọ̀kan ní láti gbé àpò rẹ̀ lérí. Téèpù á wà lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ á wà lẹ́nu rẹ̀, á máa fi imú dá èèyàn lóhùn. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé bá ti mọ́, ẹ ò ní dá a mọ̀ mọ́. Á wọ ògbólógbòó ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, á dé akoto, á so tọ́ọ̀ṣì mọ́ iwájú rẹ̀, ó di inú ihò àpáta! Obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ o. Á rákò, á fi àyà fà, á jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ títí dé ìpéǹpéjú, á wá máa rẹ́rìn-ín bí ìyàwó tuntun.

Wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló kó èèràn yìí ràn án. Wẹ́dà ló máa ń ṣáájú, òun ló sì máa ń fi ọ̀dà kun àmì sára òkúta kí wọ́n má bàa ṣìnà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bí nínú ni ọmọbìnrin Àǹtí Télọ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó sì ń rí egungun tó kán lójoojúmọ́ níbi iṣẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sílé bí àwọn ẹgbẹ́ yín."

"Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń sùn lórí àga láti àárọ̀ yẹn? Kí n má rí i."

Wọ́n fà á síwá, wọ́n fà á sẹ́yìn, wọ́n wá fi àdéhùn kan parí ẹ̀. Bàbá yóò bá màmá lọ ní Sátidé yìí. Tí ó bá dé tí ó ní kò sí wàhálà, Nọ́ọ̀sì ò ní sọ̀rọ̀ náà mọ́ láé. Ṣùgbọ́n tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, màmá yóò gbé akoto náà fún ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ihò àpáta parí nìyẹn. Àwọn méjèèjì gbà, torí gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé bàbá ò lè purọ́.

Káfíńtà ni bàbá, ṣùgbọ́n Rẹfirí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé ó ti ń fọn fèrè bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àìkú láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó ti yọ káàdì pupa fún àbúrò ara rẹ̀ rí, àbúrò náà ò sì tíì yọjú sílé rẹ̀ títí dòní. Nínú ilé gan-an, bákan náà ni. Ìyàwó rẹ̀ ìbáà bá ọmọ jà, ìbáà bá onílé jà, Rẹfirí á gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, á fọwọ́ pa àgbọ̀n, á wá dá ìyàwó rẹ̀ lẹ́bi. Ó ti pẹ́ tí Àǹtí Télọ̀ ti gba kádàrá lórí ìyẹn.

Àárọ̀ Sátidé dé, ìdí eyín Wẹ́dà wú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rí bí ẹni fi bọ́ọ̀lù sẹ́nu. Kò lè wá. Kí ni ẹni tó gbọ́n á ṣe? Á sún un síwájú. Àǹtí Télọ̀ ní rárá o, òun mọ̀nà, bí omi òjò tilẹ̀ ti fọ ọ̀dà Wẹ́dà dànù, òun á fi ṣọ́ọ̀kì tí òun fi ń sàmì sáṣọ sàmì sí òkúta. Ara ti yá a jù, kò lè gbélé.

Wọ́n wọlé. Níbi tí ọ̀nà bá ti pín, Àǹtí Télọ̀ á bẹ̀rẹ̀, á fa ìlà funfun kan kíá, ó tún di iwájú. Wọ́n rákò gba abẹ́ òkúta kan, nígbà tí Rẹfirí sì nàró, ó gbàgbé láti pa ẹnu dé. Yàrá ńlá kan nìyí nínú ilẹ̀! Òkúta funfun ń ro kalẹ̀ látòkè bí àbẹ́là tó ń yọ́, omi ń kán tó, tó, tó, gbogbo ẹ̀ sì ń dán yinrin nínú ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì," ó ní, "ṣé ohun tó o ti ń dá jẹ láti ọjọ́ yìí nìyí?"

"Ta ló ní kẹ́ ẹ má wá?"

Inú Àǹtí Télọ̀ dùn débi pé ó fẹ́ jó. Ó ti rí i pé òun ti borí.

Ìgbà tí wọ́n ń padà ni nǹkan dàrú. Wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti pín, Àǹtí Télọ̀ wá àmì, kò rí i. Ó gba ọ̀tún, kò rí i. Ó gba òsì, òkúta lásán ni. Nínú kí wọ́n máa lọ kí wọ́n máa bọ̀, ẹrẹ̀ gba bàtà Rẹfirí kan, kò sì dá a padà. Ó tún fi orúnkún gbá òkúta.

"Ṣé a ti sọnù ni?"

"A ò sọnù. A kàn ò mọ ibi tá a wà ni."

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ń ba Àǹtí Télọ̀. Kì í ṣe òkùnkùn ló ń bà á lẹ́rù, ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ni. Ó wo ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀. Ó tún un wò. Ló bá pariwo, ihò náà sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Yéè! Ọwọ́ mi ló ṣe é!"

Ṣé ẹ mọ̀ pé aránṣọ kì í fa ṣọ́ọ̀kì sí ojú aṣọ? Inú ló ń fà á sí, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i tí wọ́n bá rán an tán. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ọ́ ṣe láti ọjọ́ tó ti ń ránṣọ náà ló ṣe. Gbogbo àmì rẹ̀ ló rọra fi pamọ́ sí kọ̀rọ̀ òkúta, ní ìhà tó kọjú sí ẹnu ihò. Ẹni tó ń wọlé ló lè rí i. Ẹni tó ń jáde, ẹ̀yìn òkúta ló ń bá pàdé.

"Bàbá Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ṣì lè fẹ̀yìn rìn?"

Rẹfirí wò ó bí ẹni pé ó bú òun. Ẹni tó ti ń fẹ̀yìn sáré lórí pápá láti ọdún yìí wá, kí bọ́ọ̀lù má bàa kúrò lójú rẹ̀? Ó dìde. Àǹtí Télọ̀ di ìgbànú rẹ̀ mú látẹ̀yìn, ó ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀, Rẹfirí náà ń fẹ̀yìn bọ̀, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sára òkúta tí wọ́n bá ti kọjá. Lójijì, ó ké.

"Góòlù!"

Ìlà funfun nìyẹn! Wọ́n tún lọ. Tí wọ́n bá ṣi ọ̀nà gbà, tí kò rí nǹkan kan, á pariwo, "Ọ́fúsáìdì!", wọ́n á padà. Tí ó bá rí i, "Góòlù!", àwọn méjèèjì á hó yèè bí ọmọ iléèwé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń fẹ̀yìn bọ̀ náà ni ooru oòrùn bà wọ́n lẹ́yìn ọrùn.

Wọ́n ò tíì mí kanlẹ̀ tí fóònù Rẹfirí fi dún. Nọ́ọ̀sì ni. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Àǹtí Télọ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ tí kò ní bàtà, ó wo ẹ̀jẹ̀ orúnkún rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ó ti parí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn akoto rẹ̀.

"Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi o. Ṣé nǹkan kan ṣẹlẹ̀?"

"Ẹrẹ̀ gba bàtà mi kan."

"Ṣé ìyẹn nìkan?"

Rẹfirí wo ẹnu ihò náà, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó fọwọ́ pa àgbọ̀n.

"Ìyá ẹ mú mi wọlé, ó sì mú mi jáde. Màmá ẹ ló jàre."

Ó pa fóònù. Àǹtí Télọ̀ ti jókòó sórí koríko tòun ti ẹrẹ̀ ara rẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún omi, kò sì nù ún.

"Ẹ tún un sọ," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ kí n gbọ́."