Gìtá Béèsì Lorna Hakala

Àwọn ará Thunder Bay, ìlú kan ní Kánádà, a máa sọ pé ìjà ló tú ẹgbẹ́ olórin Yìnyín Oṣù Kẹrin ká. Ìjà kọ́. Lorna Hakala, tó ń ta gìtá béèsì wọn, mọ ohun tó fà á, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ló ti wá.

Ọdún mẹ́sàn-án ni àwọn mẹ́rin náà fi gbé ọkọ̀ fáànù kan káàkiri Kánádà, láti ilé ọtí kan dé òmíràn. Orin wọn kan wọ rédíò, àwọn ọmọ yunifásítì sì mọ̀ ọ́n lórí. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe àwo orin ní àwọn yóò wá wò wọ́n ní ìlú Winnipeg. Òtútù ọ̀sẹ̀ náà lè pa ẹranko. Lorna ló kàn láti ki wáyà tó ń mú ẹ́ńjìnnì móoru bọ iná kí wọ́n tó sùn, kí ọkọ̀ má baà dì. Ó gbàgbé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, fáànù kò dáhùn. Wọn kò dé Winnipeg. Ilé iṣẹ́ náà mú ẹgbẹ́ mìíràn, kí ọdún sì tó parí, oníkálùkù ti wá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Láti ìgbà náà ni Lorna ti ń fi ẹ̀rọ pọ́n irin bàtà àwọn tó ń gbá họ́kì lórí yìnyín. Bí fóònù bá dún, ó máa ń rò pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ni lóòótọ́. Wendell Croteau, akọrin wọn, ló pè.

"Lorna! Ẹ̀rọ yẹn ò tíì gé ẹ níka?"

"Ahọ́n ẹ ló yẹ kó gé. Kí ló dé?"

"A fẹ́ tún ṣeré. Ẹ̀ẹ̀kan péré, níbí, lóṣù kẹfà."

"Kí n lọ ra okùn gìtá tuntun nìyẹn!"

Wendell ní kó má wulẹ̀ ra á.

"Ta lẹ fún ní béèsì, Wendell?"

"Joanne Petrick. Gord ló ní... O mọ bí àwọn onílù ṣe máa ń rí."

"Torí ọkọ̀ yẹn?"

"Ó ní òun ò tíì gbàgbé."

"Èmi náà ò tíì gbàgbé."

"Má bínú. Orin kejì yẹn ni ò yé Joanne. Báwo lo ṣe ń ta á?"

"Sísáré ló ń sáré níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ta á ló ń sáré níbẹ̀. Dúró."

Ó gbé fóònù sórí àga, ó gbé gìtá lé itan, ó sì ń ta á jẹ́jẹ́. Lódìkejì, Wendell bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin tẹ̀ lé e lábẹ́ ohùn.

"Ó tó, Lorna. Mo ti gbọ́ ọ."

Kò dáwọ́ dúró. Ó ta á dé òpin, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.